Píjò Bàbá Bọ́dúndé Tí Wọ́n Ní Ó Jóná

Èéfín ni àwọn ará Ìfàkọ̀ kọ́kọ́ rí ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, inú àwọn kan sì dùn. Wọ́n rò pé ilé-iṣẹ́ aṣọ tó wà lẹ́yìn rélùwéè ti padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí láti ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba ológun, ti dé ni fèrè rẹ̀ kò ti dún mọ́. Ìgbà tí òórùn rọ́bà jíjó gba gbogbo àdúgbò ni wọ́n tó mọ̀ pé èéfín ilé-iṣẹ́ kọ́ nìyí.

Ọgbà Bàbá Bọ́dúndé ni iná ti ń jó. Ọgbà ńlá ni, ṣùgbọ́n géètì kan ṣoṣo ló ní. Ní iwájú ni Kàsúmù háyà, mẹkáníìkì tó mọ páànù ọkọ̀ lù bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń lu wúrà. Ní ẹ̀yìn ni ilé onípáànù kan wà tí àgádágodo kì í kúrò lẹ́nu ìlẹ̀kùn rẹ̀. Inú ilé yẹn ni Bàbá gbé Píjò 504 wọn sí.

Ẹ má rò pé 504 tí à ń wọ̀ ní gáréèjì ni mò ń wí o. Faransé gan-an ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe Kàdúná. Ó ti sá ìdíje nínú igbó Kódífuwà, nínú ẹrẹ̀ àti eruku, ó sì dé ilé nígbà tí àwọn ọkọ̀ mìíràn sùn sínú kòtò. Iná ńláńlá mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀ bí ojú ẹranko, irin sì gbé òrùlé rẹ̀ ró láti inú. Ẹni tó bá wọ ilé páànù náà fún ìgbà àkọ́kọ́ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Insipẹ́kítọ̀ Fọláyọ̀ dé láti àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú Sájẹ́ǹtì Quadri, eegun ọkọ̀ dúdú ló kù nílẹ̀. Gíláàsì ti yọ́, ìjókòó ti di eérú. Apá iwájú nìkan ni iná kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ, torí inú ọkọ̀ ni ẹni tó ṣe é da pẹtiróò sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn ni sítóòfù kẹrosíìnì kan wà, ó ti wó.

"Sítóòfù Suara ni!" ni àwọn èrò ń pariwo. "Òun ló ni ín! Ẹ dì í mú!"

Wọ́n ti dì í mú ná. Suara, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ géètì náà, wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wọn, ẹ̀jẹ̀ ń dà létí rẹ̀. Òun nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ilé páànù wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí Bàbá ti rìnrìn-àjò lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n wọn. Kàsúmù ló na ọwọ́ méjèèjì dí àwọn èrò. "Ẹ má pa á o! Ẹ jẹ́ kí ìjọba dá a lẹ́jọ́."

Quadri yẹ nọ́ńbà ṣáásì tó wà lára eegun náà wò, ó fi wé ìwé ọkọ̀. "Ó bára mu, mà. Òun náà ni."

Insipẹ́kítọ̀ Fọláyọ̀ kàn mi orí. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ tilẹ̀ máa ń sọ pé etí ló fi ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó rìn yí ilé páànù náà ká. Ní ògiri ẹ̀yìn, ìdọ̀tí àti ìpẹtà ti bo orí gbogbo ìṣó, àfi ti páànù méjì kan, tí orí ìṣó wọn ń dán bíi pé ọjà ni wọ́n ti ń bọ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí Bàbá Bọ́dúndé fi dé, àpò ìrìnàjò wọn ṣì wà lọ́wọ́. Ọ̀nà là fún wọn. Wọ́n wo eegun dúdú náà títí. Wọn ò sunkún. Wọ́n yí ojú sí Suara, wọ́n wo sítóòfù, wọ́n tún wo Suara. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ẹ̀yìn sí gbogbo èrò, wọ́n sì wọlé lọ.

Bí wọ́n ṣe kọ ẹ̀yìn yẹn ló mú kí Suara bú sẹ́kún. Lílù tí wọ́n lù ú kò pa á lẹ́kún tẹ́lẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá àgọ́ ti pàṣẹ: "Ọjọ́ Ajé, ẹ gbé e lọ sí kóòtù. Ìjọba ológun kò fẹ́ràn ẹjọ́ gígùn."

* * *

Ní pálọ̀ Bàbá Bọ́dúndé, ayùn kan ni wọ́n gbé kọ́ sórí ògiri níbi tí àwọn mìíràn ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó kọ́ sí. Insipẹ́kítọ̀ jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ kí àgbàlagbà náà fúnra wọn rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ wo kìnìún tó wà lára ayùn yẹn," ni Bàbá wí níkẹyìn. "Kí ọkọ̀ tó dáyé ni kìnìún yẹn ti wà. Ọlọ olómi ni ìdílé Píjò ní ní abúlé wọn, wọ́n fi ń lọ ọkà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wọn bá sọ ilé ọlọ di ilé irin. Ayùn ni ayé kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n mọ́. Wọ́n ní eyín ayùn àwọn le bí eyín kìnìún, ara rẹ̀ ń rọ̀ bí ẹ̀yìn kìnìún, ó sì ń gé igi bí ìgbà tí kìnìún bá fò mọ́ ẹran. Ìdí tí wọ́n fi ya kìnìún sí i nìyẹn. Wọ́n ṣe ọlọ kọfí. Wọ́n ṣe irin tí àwọn obìnrin wọn fi ń gbé yẹ̀rì sókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ni! Wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ọkọ̀ wá dé. Ọdún yìí gan-an ló pé ọgọ́rùn-ún ọdún."

Insipẹ́kítọ̀ gbójú sókè wo kìnìún kékeré náà. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ó rí i bí ìdílé kan ṣe ń gba irin lọ́wọ́ ara wọn, baba fún ọmọ, ọmọ fún ọmọ-ọmọ, títí irin náà fi dé inú ilé páànù kan ní Ìfàkọ̀. Orí rẹ̀ wú.

"Báwo lẹ ṣe ní in, Bàbá?"

"Abiján ni mo ti bá Faransé kan ṣiṣẹ́. Òun ń wà á, èmi ń tún un ṣe. Nígbà tó ń padà sílé, ó ní, 'Bọ́dúndé, o mọ ohùn ọkọ̀ yìí jù mí lọ. Gbà á.' Mo wà á gba Gánà, mo gba Tógò, mo gba Kútọnu wọlé." Bàbá fọwọ́ nu ojú. "Láti ìgbà náà, kò sí nǹkan kan tí mo yọ lára rẹ̀. Nígbà tí mo dé Èkó, ńṣe ni gbogbo mẹkáníìkì ń fẹ́ yọ támósítáàtì rẹ̀. Wọ́n ní kò wúlò nílẹ̀ olóoru. Mo lé wọn dànù!"

"Kí ni támósítáàtì, Bàbá?"

"Ìlẹ̀kùn omi ni. Idẹ kékeré báyìí, kò ju ìdérí ìgò lọ. Á ti omi mọ́lé títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó bó ṣe yẹ, á wá ṣí fún un fúnra rẹ̀. Àwọn ará Sóṣò, ìlú tí wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí wọ́n bá fi síbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà. Èmi nìkan ni mò ń fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yẹn. Kàsúmù gan-an kò tú u rí."

"Suara ńkọ́, Bàbá? Ẹ gbà pé òun ló dáná sun ún?"

Bàbá gbójú sókè wo ayùn náà. "Mo ti kìlọ̀ fún un kó yé dáná lẹ́nu ìlẹ̀kùn yẹn. Sítóòfù rẹ̀ ni."

* * *

Nínú àhámọ́, Suara jókòó sí igun, ó ká ẹsẹ̀ kò.

"Mádàámú, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn," ló wí. "Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn ni mo ń tẹ́ ẹní mi sí lálaalẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sun ún? Ìrun àárọ̀ ni mo lọ kí. Ẹ̀yìn géètì ni mo gbé sítóòfù mi sí."

"Ta ló mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ń gbé e sí?"

"Gbogbo wa. Èmi àti Kàsúmù jọ ń jẹun nínú àwo kan ni."

"Ẹ wo ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ yìí?"

"Tapólì ni Bàbá fi bò ó kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní kí n má ṣí i, eruku pọ̀. Èmi ò ṣí i."

"Ọkọ̀ wo ló jáde nínú ọgbà láti ìgbà tí Bàbá ti lọ?"

Suara rẹ́rìn-ín kékeré, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. "Kò sí kankan o. Táyà ọkọ̀ gan-an kò lè jáde kí n má mọ̀. Epo bẹntiróò ti wọ́n, àwọn oníbàárà Kàsúmù kò rí owó àtúnṣe san, gbogbo ọkọ̀ wọn ń sùn síbẹ̀ ni. Bí mo bá sì ń lọ sí Jímọ̀, mo máa ń fi àgádágodo ti géètì pa."

"Ẹ̀yin àti Kàsúmù lẹ jọ ń lọ?"

"Orí ẹní kan náà la ti ń kírun. Àfi Jímọ̀ tó kọjá yìí. Ó ní inú ń run òun. Mo tì í mọ́lé pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ rẹ̀, mo bá tèmi lọ."

Insipẹ́kítọ̀ dìde. Suara di irin ìlẹ̀kùn mú.

"Mádàámú. Ṣé Bàbá béèrè mi?"

Kò sí irọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ tó lè pa fún ọkùnrin náà. Ó kàn sọ pé, "Ẹ jẹun, Suara," ó sì yára jáde.

* * *

Láídé, ọmọbìnrin Bàbá kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá. Ní àárọ̀ Ẹtì ni Insipẹ́kítọ̀ àti Quadri lọ bá a. Ó ti sunkún, ṣùgbọ́n ó ti tún pọ́dà rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá ti gbọ́ pé mo fẹ́ kí wọ́n tà á, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni o, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí màmá wa ti kú, inú ilé páànù yẹn ni bàbá mi ń gbé. Wọ́n á jókòó tì í bí ẹni jókòó ti aláìsàn. Ọmọ tó bá ń wo bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe?"

"Ta ló fẹ́ rà á?"

"Òyìnbó Faransé kan. Ìgbà ọyẹ́ ló wá. Ó ní àwọn èèyàn ń wá àwọn ọkọ̀ ìdíje àtijọ́ kiri nítorí ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ ò rí ojú òyìnbó yẹn! Nígbà tí bàbá mi ṣí tapólì, ó ṣí fìlà. Ó dúró bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ní àwọn kì í ta kìnìún, ó bá lọ."

"Ta ló mọ̀nà mú un wá?"

"Ọ̀gá Kàsúmù ni. Òun ló ń ṣe ògbufọ̀. Ó gbọ́ Faransé díẹ̀. Rédíò Kútọnu ló fi ń kọ́ ọ." Láídé mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ kí wọ́n tà á o, Mádàámú. Mi ò fẹ́ kó jó. Àná, bàbá mi kò jẹun."

* * *

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ ni ọkọ̀ ọlọ́pàá, 504 tí ìjọba fún wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nígbà tí wọ́n fi dé Ìfàkọ̀, ó ti ń tú ooru bí ìkòkò ẹ̀wà. Quadri fi tipátipá wà á wọ ọgbà Bàbá Bọ́dúndé.

Kàsúmù jáde wá, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Nígbà tó rí ooru náà, ó pa ẹ̀rín. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá yìí náà! Ẹ wá fọ̀rọ̀ wá oníṣègùn lẹ́nu wò, ẹ tún gbé aláìsàn lọ́wọ́."

"Ẹ bá wa wò ó, ọ̀gá," ni Insipẹ́kítọ̀ wí. "A ó máa sọ̀rọ̀ lọ."

Ó jókòó sórí táyà kan. Àwọn 504 tò sí ọgbà náà bí àgùntàn: èyí tí kò lẹ́sẹ̀, èyí tí kò lójú, ọ̀kan tí wọ́n fi ọ̀dà àkọ́kùn aláwọ̀ eérú kùn, tí àlòkù ìjókòó kún inú rẹ̀ dé òrùlé. Lára ògiri, Kàsúmù fi èédú ya kìnìún kan, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, ó yọ èékánná. Àwòrán náà dára débi pé Quadri yẹra fún un nígbà tó ń kọjá.

"Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni." Ohùn Kàsúmù rọ̀. "Bàbá ti sọ ìtàn ayùn fún yín? Èmi ti gbọ́ ọ tó ìgbà tí mi ò lè kà. Mádàámú, èèyàn bíi tiwa náà ni wọ́n o, tí wọ́n ń rọ irin, tí iná ń jó lọ́wọ́. Ẹ wá wo ohun tí ọwọ́ wọn dì. Bí mo bá ń lu páànù, nígbà mìíràn mo máa ń rò pé wọ́n dúró lẹ́yìn mi tí wọ́n ń wò mí." Ó tẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. "Ó dùn mí pé Suara ló ṣe é. Ṣùgbọ́n bí oko bá jó, màjàlà ní í ṣe òfófó. Sítóòfù rẹ̀ ti ṣe òfófó."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó tú irin kékeré kan nídìí páìpù omi, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó yọ idẹ róbótó kan jáde, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó jù ú sínú agolo mílíìkì ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Agolo náà dún ṣaworo. Irú idẹ bẹ́ẹ̀ ti kún un.

"Kí lẹ yọ yẹn, ọ̀gá?" ni Insipẹ́kítọ̀ béèrè.

"Támósítáàtì. Òun ló ń pa ọkọ̀ yín. Kóòtù òtútù ni, Mádàámú. Ta ló ń wọ kóòtù òtútù ní Agége?"

"Gbogbo ọkọ̀ lẹ ti ń yọ ọ́?"

"Gbogbo ọkọ̀ tó bá gba ọwọ́ mi kọjá. Èmi lè gbàgbé, ọwọ́ mi kì í gbàgbé."

Ó bu omi sí i, ó ti ìdérí pa, kò sì gbowó. Nígbà tí wọ́n jáde ní géètì, inú Quadri ń dùn. "Ẹ wò ó, mà, abẹ́rẹ́ tó ń ka ooru kò gòkè mọ́. Ọkùnrin yẹn mọṣẹ́ o!"

"Ó mọ̀ ọ́n," ni Insipẹ́kítọ̀ wí. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní àgọ́ ló sọ pé, "Fi kọ́ńsítébù kan sí géètì yẹn. Kí ọkọ̀ kankan má jáde."

* * *

Sátidé ìmọ́tótó ló tẹ̀lé e. Títí aago mẹ́wàá, ọkọ̀ kì í rìn nílùú. Gbogbo èèyàn ló wà lójú gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Àwọn ará àdúgbò ju ṣọ́bìrì sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i tí ọlọ́pàá mú Suara wọ ọgbà, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Bọ́dúndé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Láídé níwájú eegun dúdú náà. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ Suara.

"Ọ̀gá Kàsúmù," ni Insipẹ́kítọ̀ wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ibi tí ẹ tú lára ọkọ̀ wa lánàá."

Kàsúmù rẹ́rìn-ín, ó mú spánà. Bóòtù kìíní jáde, èkejì jáde. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Àwọn tó wà nítòsí rí i tí òógùn yọ sí i níwájú orí.

"Ẹ tú u tán," ni Bàbá Bọ́dúndé wí. Wọ́n ti sún mọ́ ọn.

Bóòtù ìkẹyìn jáde. Bàbá fi ìka bọ inú rẹ̀, wọ́n yí i ká bí ẹni ń wá eyín lẹ́nu ọmọdé. Òfìfo ni.

"Kò sí níbẹ̀," ni Bàbá wí. "Láídé! Kò sí níbẹ̀! Eléyìí kì í ṣe tèmi!"

"Iná ló jó o," ni Kàsúmù wí kíákíá.

"Iná jó idẹ, kò jó páìpù rọ́bà tó so mọ́ ọn?" Insipẹ́kítọ̀ na ọwọ́ sí i, rọ́bà náà ṣì rọ̀. "Bàbá sọ fún mi pé ohun tí Sóṣò bá fi sínú ọkọ̀ àwọn, ibẹ̀ ló ń wà. Ẹ̀yin sì sọ fún mi pé gbogbo ọkọ̀ tó bá gba ọwọ́ yín kọjá, ẹ ti ń yọ ọ́. Ọwọ́ ta ni ọkọ̀ yìí gbà kọjá?"

"Nọ́ńbà ṣáásì ńkọ́? Sájẹ́ǹtì fúnra wọn ní ó bára mu!"

"Ẹni tó ń lu páànù bíi tiyín lè gé nọ́ńbà lára ọkọ̀ kan kó jó o mọ́ òmíràn. Ẹ ti ń kan ọkọ̀ yìí díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí òyìnbó ti wá, irin òrùlé rẹ̀, iná mẹ́rin rẹ̀. Ẹ ṣiṣẹ́ náà débi pé Bàbá gan-an wò ó, wọ́n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Suara tì yín mọ́nú ọgbà. Ẹ tú páànù ẹ̀yìn, ẹ gbé ojúlówó jáde, ẹ ti ayédèrú wọlé, ẹ fi tapólì bò ó, ẹ sì kan páànù padà pẹ̀lú ìṣó tuntun. Ṣùgbọ́n Bàbá ń bọ̀ nílé. Bí wọ́n bá ṣí tapólì, wọ́n á mọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sun ún kí wọ́n tó dé. Bí ọkọ̀ bá sọnù, gbogbo ayé á wá a. Bó bá jóná, ta ló máa wá eérú? Ẹ dúró kí Suara lọ kírun, ẹ gbé sítóòfù rẹ̀, ẹ tún gba ibi páànù kan náà wọlé. Ẹ ní màjàlà ní í ṣe òfófó, ọ̀gá. Ihò òfìfo yìí ni màjàlà tèmi."

Ó yí padà, ó rìn lọ sáàárín àwọn 504. Èrò tẹ̀lé e. "Suara ní ọkọ̀ kankan kò jáde ní géètì. Mo gbà á gbọ́. Nítorí náà, ibí ló wà." Ó fọwọ́ lé èyí tó ní àwọ̀ eérú. "Ẹ kó àwọn ìjókòó yẹn jáde."

Quadri fa ìjókòó kan yọ, ó fa òmíràn. Irin tó gbé òrùlé ró yọ sójú, ó gba inú ọkọ̀ náà já bí egungun ìhà. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn sọ pé, "Háà!" Bàbá Bọ́dúndé fi èékánná họ ọ̀dà eérú náà níwájú bónẹ́ẹ̀tì, díẹ̀díẹ̀, títí kìnìún kékeré kan fi yọjú lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é.

Kàsúmù ti jókòó sílẹ̀. "Òyìnbó yẹn rò pé Bàbá ti gbà ni," ló wí. "Mo sọ fún un pé wọ́n ti gbà. Ó ní tí ọkọ̀ bá ti dé ọkọ̀ ojú omi, òun á mú mi dé Sóṣò, kí n máa bá wọn tún àwọn àtijọ́ ṣe. Gbogbo èèyàn ló ń sá kúrò nílùú yìí, Mádàámú, wọ́n ń wá ibi tí oúnjẹ wà. Èmi, mo fẹ́ rí ibi tí kìnìún yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni. Kí n kàn fọwọ́ kan ògiri rẹ̀."

"Suara ńkọ́? Ẹni tí ẹ jọ ń jẹun?"

Kàsúmù fi àkísà ọwọ́ rẹ̀ bo ojú.

"Ọ̀gá mi, Faransé tó fún mi lọ́kọ̀ yìí, ṣì wà láàyè níbẹ̀," ni Bàbá Bọ́dúndé wí jẹ́jẹ́. "Gbólóhùn kan ni ǹ bá fi ránṣẹ́ sí i kó mú ọ débẹ̀. Kàsúmù, o kò béèrè lọ́wọ́ mi."

Ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn. Suara ni.

"Ẹ̀yin náà kò béèrè lọ́wọ́ mi, Bàbá."

Quadri ti ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Suara sì ń fọwọ́ kan pa ọrùn ọwọ́ kejì. Bàbá wò ó, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́rùn wọn, wọ́n wọ inú ọkọ̀ náà, wọ́n yí i.

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ jáde, ohùn tó wúwo tí kò pariwo, tí ilẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ọmọdé di ìyá wọn mú. Bàbá jáde, wọ́n gbé bónẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n lọ mú Suara lọ́wọ́, wọ́n fà á wá, wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ lé páìpù rọ́bà tó lọ sí ibi omi.

"Ó tutù," ni Suara wí. Kò wo ojú wọn.

"Ní sùúrù."

Wọ́n dúró. Ẹ́ńjìnnì ń dún. Ọwọ́ Bàbá wà lórí ọwọ́ Suara, níbi tí irin ti ha á.

"Má bínú sí mi," ni Bàbá wí. "Ọdún wo la ti ń bá ara wa bọ̀? Ó yẹ kí n ti mọ̀."

Suara tẹ ọwọ́ mọ́ páìpù náà. "Ó ṣì tutù, Bàbá."

"Kò tíì tó àkókò rẹ̀ ni. Kò ní í ṣí kó tó tó àkókò."

Ọlọ́pàá ti fi Kàsúmù sínú ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n Insipẹ́kítọ̀ kò tíì ní kí wọ́n lọ. Ọkùnrin náà gbé ojú mọ́ fèrèsé, ó ń wo ọwọ́ àwọn méjèèjì.

Lójijì ni ejìká Suara gbọ̀n. Ojú rẹ̀ là. Ó wo páìpù, ó wo Bàbá, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. "Ó ti gbóná! Bàbá, ó ti gbóná!"

"Ó ti ṣí," ni Bàbá wí, omijé sì dé.

Láti inú ọkọ̀ ọlọ́pàá, Kàsúmù pariwo, ohùn rẹ̀ ya: "Ṣé ó ti ṣí?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n Suara, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí páìpù náà, yí ojú sí i, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.